Báwo lẹ ṣe ń mọ díféńdà tó mọṣẹ́ nínú họ́kì orí yìnyín? Ọ̀rọ̀ Nurse àti Bouchard ní Edmonton Oilers

Aránṣọ Igbónà

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń dá èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin níjà, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá mọ̀ nípa rẹ̀ bá wa dá sí i.

Ẹ̀gbọ́n mi ń gbé ní Edmonton, ní Kánádà. Òun ló fi họ́kì orí yìnyín mọ̀ mí. Iṣẹ́ aṣọ rírán lèmi ń ṣe níbí ní Òṣogbo, ìsọ̀ mi wà ní Igbónà. Bí àsìkò ayẹyẹ bá dé, tí aṣọ ẹbí kún ilẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, òru ni mo fi ń rán an. Aago 7 ìrọ̀lẹ́ ní Edmonton, aago 3 òru ni lọ́dọ̀ wa nígbà òtútù wọn. Tí wọ́n bá yí aago wọn padà, á di aago 2. Nítorí náà bí Oilers, ikọ̀ họ́kì ìlú náà, bá ń ṣeré nílé, fóònù mi á wà lára ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀gbọ́n mi á wà lórí WhatsApp, a ó jọ máa wò ó, a ó sì jọ máa jiyàn.

Orí Darnell Nurse ni iyàn wa máa ń dá lé jù. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, díféńdà ni, ó ga, ó sì lágbára. Òun ni Oilers mú ní ipò 7 nígbà tí àwọn ikọ̀ ń yan àwọn ọ̀dọ́ eléré ní 2013, ọwọ́ wọn ló sì dàgbà sí. Ní 2021 wọ́n bá a tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ọdún 8, mílíọ̀nù 74 dọ́là, tó bẹ̀rẹ̀ ní sáà 2022–23. Ohun tó ń bí ẹ̀gbọ́n mi nínú gan-an nìyẹn. Gólù kí gólù tó bá wọ ilé Oilers, Nurse ló máa ń rí nínú rẹ̀. “Wò ó, òun náà tún nìyẹn! Mílíọ̀nù 9.25 lọ́dún!” Á dá fídíò padà sẹ́yìn, á ní kí n wò ó dáadáa.

Èmi ò gbà. Ní oṣù karùn-ún 2021, nígbà tí Winnipeg Jets lé wọn kúrò nínú ìdíje ife Stanley, ife tó ga jù lọ ní lígì wọn, eré tó kẹ́yìn wọ àfikún àkókò ẹlẹ́ẹ̀kẹta, Nurse sì lo ohun tó lé ní ìṣẹ́jú 62 lórí yìnyín. Ẹni tí kò mọṣẹ́, ṣé kóòṣì á fi í síbẹ̀ ju wákàtí kan lọ, nígbà tó jẹ́ pé gólù ẹyọ kan ló máa dá wọn padà sílé?

Ẹni tí ẹ̀gbọ́n mi ń yìn ni Evan Bouchard. Mi ò ní kó má yìn ín. Ní sáà 2023–24 ó gba pọ́ìntì 82 nínú eré 81: gólù 18 tí òun fúnra rẹ̀ gbá, àti 64 tó bá wọn ṣètò. Nínú ìdíje ife Stanley tó tẹ̀ lé e, ó tún gba 32 nínú eré 25. Díféńdà ni o, kì í ṣe ẹni iwájú! Ṣùgbọ́n àwọn ìgbà kan wà tó máa ń fi pọ́ọ̀kì (rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbá) lé alátakò lọ́wọ́ lẹ́nu ilé ara wọn, tí àyà mi á já, tí ẹsẹ̀ mi á kúrò lórí ẹ̀rọ.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ rèé. Ẹni iwájú, a ó ka gólù rẹ̀. Aṣọ́lé, a ó ka èyí tó mú àti èyí tó wọlé. Ẹni ọwọ́ ẹ̀yìn ńkọ́? Kí ni kí n tẹjú mọ́, tí mo bá sọ pé “lágbájá ṣe dáadáa lónìí”, tí ẹ̀gbọ́n mi kò fi ní rí ọ̀rọ̀ sọ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé bó bá ṣe wu kálukú ni. Ó gbọ́dọ̀ ní bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n.

Ọmọ Ayétòrò

Àǹtí, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Ẹ wo plus/minus, ó tán. Bí ikọ̀ yín bá gbá gólù nígbà tí ẹ wà lórí yìnyín, ẹ gba +1. Bí wọ́n bá gbá a wọlé yín, ẹ gba -1. Ní sáà 2023–24 tí ẹ ń sọ yẹn, Mattias Ekholm tó ń bá Bouchard ṣeré pọ̀ ní +44, Bouchard fúnra rẹ̀ ní +34. Gustav Forsling ti Florida Panthers ní +56, kò sí ẹni tó ní tó bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo lígì lọ́dún yẹn. Ta ló sì gba ife? Florida náà ni. Nọ́ńbà kì í purọ́.

Tíṣà Òkè-Fìà

Aránṣọ wa, ẹ kú iṣẹ́ òru o. Ọlọ́run á máa fún yín lókun.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Eré ìdárayá ni mo kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama nílùú yìí, ọwọ́ ẹ̀yìn nínú bọ́ọ̀lù sì ni ibi tí mo fẹ́ràn jù láti kọ́ ọmọ. Jarome Iginla ló mú mi wọ inú họ́kì. Nínú àṣekágbá Òlíḿpíìkì 2002 ní Salt Lake City, Kánádà na Amẹ́ríkà 5–2, Iginla sì gbá méjì nínú márùn-ún yẹn. Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀, Adékúnlé sì wà lára orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá eré yìí káàkiri. Ẹni iwájú ni Iginla, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ojú mi fi sún sẹ́yìn, sọ́dọ̀ àwọn méjì tó ń dúró síwájú aṣọ́lé.

Ọmọ Ayétòrò, mo gbọ́ tìrẹ, àmọ́ jẹ́ kí n sọ ohun tí nọ́ńbà yẹn ń kó pọ̀. Èèyàn márùn-ún ló wà níta ilé fún ikọ̀ kọ̀ọ̀kan, yàtọ̀ sí aṣọ́lé. Bí gólù bá wọlé, àwọn márààrún ló ń gba -1, ẹni tó ṣẹ̀ àti ẹni tí kò ṣẹ̀. Bí aṣọ́lé bá jẹ́ kí ọ̀kan tó rọrùn wọlé, àwọn náà ló ń san án. Mú oṣù kẹfà 2025: Florida na Oilers 5–1 nínú eré tí wọ́n fi gba ife, Sam Reinhart gbá mẹ́rin. Méjì nínú mẹ́rin yẹn, ilé òfìfo ló gbá a sí, torí pé Oilers ti yọ aṣọ́lé wọn kí wọ́n lè fi ẹnì kan kún àwọn tó ń kọlu. Ẹni tó bá wà lórí yìnyín nígbà yẹn gba -1 lórí méjèèjì. Kí ni díféńdà fẹ́ ṣe sí i?

Tún wo Erik Karlsson ní sáà 2022–23, nígbà tó wà ní San Jose Sharks. Pọ́ìntì 101, díféńdà kankan kò dé 100 láti ìgbà Brian Leetch ní 1991–92. Plus/minus rẹ̀ jẹ́ -26. Wọ́n sì fún un ní Norris Trophy, àmì-ẹ̀yẹ díféńdà tó dára jù lọ. Bí nọ́ńbà yẹn bá tó ṣèdájọ́, àwọn tó dìbò fún un ya wèrè nìyẹn. Wọn ò ya wèrè. Ikọ̀ tí kò lágbára ló wà.

Forsling tí o dárúkọ, mo gbà fún ọ pé akínkanjú ni. Ṣùgbọ́n ṣé o mọ bó ṣe dé Florida? Ní oṣù kìíní 2021, ikọ̀ Carolina Hurricanes gbé e sórí waivers, ìyẹn ni pé ikọ̀ tó bá wù lè mú un láìsan nǹkan kan fún wọn. Florida ló mú un. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kan náà ló gbé wá. Ikọ̀ tó bá níbẹ̀, ẹni tó ń bá a ṣeré pọ̀ àti iṣẹ́ tí wọ́n fún un ló yí padà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí ìjà ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Gólù ni ẹ̀gbọ́n yín fi ń wá Nurse. Á dá fídíò padà, á wo ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tó ṣáájú gólù, á sì rí i níbẹ̀. Ó dájú pé á rí i! Ẹni tó ń lo àkókò púpọ̀ lórí yìnyín, ó di dandan kí gólù púpọ̀ wọlé lójú rẹ̀. Àwọn ogún ìgbà tí alátakò dé ìlà búlúù, ìlà tó pààlà sí ìhà ilé kọ̀ọ̀kan, tí ọ̀nà sì dí mọ́ ọn, ẹnikẹ́ni kì í gé e sí fídíò. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. Fídíò gólù, ẹnu olùpẹ̀jọ́ nìkan ló ń jẹ́ ká gbọ́.

Ẹ rántí àṣekágbá ife ẹ̀yẹ Áfíríkà nínú bọ́ọ̀lù, ní Tùnísíà 1994. Gólù méjì tí Amuneke gbá wọlé Zambia, ọmọdé tí wọn ò tí ì bí nígbà yẹn lè rò ó fún yín. Zambia ló kọ́kọ́ gbá ọ̀kan wọlé tiwa, eré ò tí ì gbóná rárá. Lẹ́yìn ìyẹn, wọn ò rí òmíràn gbá títí fèrè fi dún. Ta ló dá wọn dúró? Uche Okechukwu àti àwọn tó wà lẹ́yìn ni. Ẹ bi àwọn ọ̀dọ́ ní Ọláìyá, ẹ wò ó bóyá ẹnì kan á dárúkọ wọn.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe ni kẹ́ ẹ gbàgbé pọ́ọ̀kì. Mo mọ̀ pé ó le, torí ojú máa ń fà sí i. Ẹ mú díféńdà kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ sì tẹjú mọ́ ọn.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó nígbà tí alátakò ń gbé pọ́ọ̀kì bọ̀. Díféńdà ń fi ẹ̀yìn sáré, ó kọjú sí ẹni tó ń bọ̀. Báwo ni àlàfo àárín wọn ṣe tó? Ẹni tó mọṣẹ́ kì í jẹ́ kó ju ìwọ̀n ọ̀pá kan sí méjì lọ bí wọ́n bá ti dé ìlà búlúù. Ọ̀pá rẹ̀ á wà nílẹ̀ pẹrẹsẹ, kò ní gbé e sókè, ojú rẹ̀ á wà láyà ẹni yẹn, torí ọwọ́ lè tan èèyàn, àyà kì í tàn án. Díẹ̀díẹ̀ á máa tì í lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri láìfọwọ́ kàn án. Alátakò á wo ọ̀tún, á wo òsì, kò ní rí ọ̀nà, á kàn ju pọ́ọ̀kì sí kọ́ọ̀nà, á sì sá lọ sinmi lórí bẹ́ǹṣì. Ẹ̀rọ kankan kò kọ nǹkan sílẹ̀ fún díféńdà yẹn. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gbà á gan-an ló ṣe yẹn. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á máa sá sẹ́yìn títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó lé aṣọ́lé lórí, alátakò á sì rí àyè na pọ́ọ̀kì ní ìfọ̀kànbalẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wò ó bó ṣe ń lọ mú pọ́ọ̀kì tí wọ́n jù sí kọ́ọ̀nà yẹn. Ibí yìí gan-an ni mo ti ń mọ̀ wọ́n. Ó ń sáré lọ sídìí ògiri, ẹ̀yìn rẹ̀ sí pápá, àgbà alágbára kan sì ń lé e bọ̀ láti fọ́ ọ mọ́ ògiri. Kó tó fọwọ́ kan pọ́ọ̀kì, ṣé ó bojú wẹ̀yìn lórí èjìká? Ṣé ó tún bojú wo èjìká kejì? Ẹni tó bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì ti mọ ibi tó máa fi í ránṣẹ́ sí kó tó débẹ̀. Ìfọwọ́kàn kan, pọ́ọ̀kì ti jáde. Ẹni tí kò bojú wẹ̀yìn á kàn ta á lu ògiri, á sì máa gbàdúrà. Ọ̀pọ̀ àṣìṣe tí ẹ rí lẹ́nu ilé, níbí ló ti bẹ̀rẹ̀, kí gólù tó wọlé rárá.

Ẹ tún fi ti abala kejì sọ́kàn. Abala mẹ́ta ni eré, ìṣẹ́jú 20 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní abala kejì, wọ́n ti pààrọ̀ ìhà, ilé tí díféńdà ń ṣọ́ á wá jìnnà sí ibi tí ikọ̀ rẹ̀ jókòó sí. Ó yẹ kí èèyàn jáde lọ sinmi lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 45, ṣùgbọ́n tí pọ́ọ̀kì kò bá jáde kúrò níhà ilé wọn, kò lè lọ sinmi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa wúwo, ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú kan àbọ̀. Bí ẹ bá rí díféńdà tí èyí ń ṣẹlẹ̀ sí lóòrèkóòrè, ẹ bi í léèrè bó ṣe ń gbé pọ́ọ̀kì jáde.

Àpẹẹrẹ ẹni tó ń ṣe gbogbo èyí ní mímọ́ ni Jaccob Slavin ti Carolina. Ní sáà 2020–21 ẹ̀ẹ̀kan péré ni rẹfirí rán an lọ jókòó fún ìjìyà, ìṣẹ́jú 2, nínú gbogbo sáà. Díféńdà tó ń kojú àwọn tó gbóná jù lọ, tí kò fa aṣọ, tí kò fi ọ̀pá kọ́ ẹsẹ̀! Mo wo eré rẹ̀ bí ẹni ń ka Bíbélì.

Ní ti Nurse: iṣẹ́ rẹ̀ dára ju bí ẹ̀gbọ́n yín ṣe ń sọ lọ. Ó ń sáré, ó ń kojú àwọn ẹni iwájú tó le, kì í sá fún ìyà. Ibi tó kù sí fún un ni pé nígbà mìíràn á kúrò lẹ́nu ilé lọ lé ẹni tí kò yẹ kó lé, àyè á sì ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí mo máa ń bá ọmọ wí fún nìyẹn ní pápá.

Ará Dada Estate

Tíṣà, ẹ kú àlàyé, sà. Mo fẹ́ fi nǹkan díẹ̀ kún un, torí ìṣirò owó ni iṣẹ́ mi.

Nọ́ńbà kan wà tó sàn ju plus/minus lọ, wọ́n ń pè é ní Corsi. Orúkọ Jim Corsi ni, ẹni tó jẹ́ kóòṣì àwọn aṣọ́lé ní Buffalo Sabres. Gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá na pọ́ọ̀kì síhà ilé ni wọ́n ń kà, ì báà wọlé, ì báà lọ síta, ì báà jẹ́ pé ẹnì kan fara gbà á. Wọ́n á wá wò ó pé nígbà tí lágbájá wà lórí yìnyín, ti ikọ̀ rẹ̀ mélòó, ti alátakò mélòó? Ìdí tó fi wúlò ni pé gólù kò pọ̀. Gólù mẹ́fà tàbí méje fún ikọ̀ méjèèjì lálẹ́ ọjọ́ kan, kí lèèyàn fẹ́ rí kọ́ nínú rẹ̀? Ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n ń na pọ́ọ̀kì máa ń lé ní ọgọ́rùn-ún nínú eré kan. Èyí ló ń jẹ́ kí ìṣirò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Òmíràn tún wà tó ń wo ibi tí wọ́n ti nà án, torí èyí tó ti ẹnu ilé wá kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tó ti ìlà búlúù wá.

Àmọ́ àbùkù kan wà tí kò sí nọ́ńbà tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀: méjì-méjì ni àwọn díféńdà ń jáde. Láti ìgbà tí Oilers ti mú Ekholm wá láti Nashville ní oṣù kejì 2023 ni Bouchard ti rí ẹni dúró tì. Ekholm dúró sẹ́yìn, Bouchard lọ síwájú. Nígbà náà, +34 Bouchard, èló ni ti Ekholm nínú rẹ̀? Àwọn tó ń ṣe ìṣirò máa ń ya wọ́n sọ́tọ̀: bí wọ́n bá jọ wà, báwo? Bí Bouchard bá wà láìsí Ekholm, báwo? Bí Ekholm bá wà láìsí Bouchard, báwo? Kí ẹ̀gbọ́n yín lọ wo ìyẹn kó tó máa yin ẹnì kan.

Nípa owó Nurse, ẹ jẹ́ ká yà á sọ́tọ̀ pátápátá. Ní sáà 2022–23, mílíọ̀nù 82.5 dọ́là ni òfin lígì gba ikọ̀ kọ̀ọ̀kan láyè láti ná lórí gbogbo eléré. Mílíọ̀nù 9.25 nínú rẹ̀, ó lé díẹ̀ ní ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún, fún ẹnì kan. Èmi ò bá má fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n àwọn tó kọ̀wé àdéhùn náà ni kí ẹ bi. Bí ẹni bá ń ṣe iṣẹ́ mílíọ̀nù 6 dáadáa, tí wọ́n ń san 9 fún un, iṣẹ́ náà ṣì jẹ́ iṣẹ́ dáadáa. Ohun tí ẹ̀gbọ́n yín ń bínú sí ni sọ̀wédowó, ó kàn ń tọ́ka sí ẹni tó gbà á.

Aránṣọ Igbónà

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Tíṣà, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa, sà.

Mo ṣe ohun tí ẹ ní kí n ṣe. Mo gbé eré kan tí wọ́n ti ṣe tẹ́lẹ̀ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì lódindi, kì í ṣe gígékúrú, mo sì gbé sísáàsì sílẹ̀. Ekholm ni mo tẹjú mọ́ ní abala àkọ́kọ́. Àṣé bẹ́ẹ̀ ló rí! Ó ń wo ẹ̀yìn lórí èjìká lóòótọ́, ó tilẹ̀ ń ṣe é kíákíá débi pé bí n kò bá mọ ohun tí mò ń wá, n kò ní rí i. Ó dé ìdí ògiri, ó yí ẹsẹ̀ bíi pé apá òsì ló ń lọ, ẹni tó ń lé e kọjá lọ sósì, òun ti fi pọ́ọ̀kì ránṣẹ́ sápá ọ̀tún. Asọ̀rọ̀ orí tẹlifíṣọ̀n kò dárúkọ rẹ̀ rárá níbẹ̀. Orúkọ ẹni tó gba páàsì ló pè.

Nígbà tó di ti Nurse ní abala kejì, mo rí èyí tí Tíṣà sọ nípa ẹsẹ̀ tó ń wúwo. Mo rí i tí òun àti èkejì rẹ̀ há síbẹ̀, tí ẹnu ń ya wọn, tí wọ́n ń wo bẹ́ǹṣì ní òkèèrè. Mo tún rí i tó dí ọ̀nà mọ́ ẹni iwájú kan ní ìlà búlúù tí ẹni náà fi ju pọ́ọ̀kì dànù. Mo dá a padà, mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi, mo ní kó wò ó. Ó pẹ́ kó tó dáhùn. Ó ní òun rí i, pé ó dára, ṣùgbọ́n owó yẹn ṣì pọ̀. Mo ní kó lọ ka ọ̀rọ̀ Ará Dada Estate.

Ohun kan ló kù tó ń rú mi lójú. Ọ̀pọ̀ nínú pọ́ìntì Bouchard, ìgbà tí wọ́n bá ti lé ẹnì kan nínú alátakò lọ jókòó ló ń rí i, tí Oilers jẹ́ márùn-ún sí mẹ́rin, tí McDavid àti Draisaitl, àwọn ẹni iwájú wọn tó gbóná, wà pẹ̀lú rẹ̀. Ṣé ká ka ìyẹn mọ́ iṣẹ́ díféńdà?

Ọmọ Ayétòrò

Àǹtí, ìbéèrè yín yìí dáa o. Plus/minus gan-an kì í ka gólù tí wọ́n gbá nígbà tí ẹnì kan nínú alátakò ń jókòó fún ìjìyà. Nítorí náà irú gólù bẹ́ẹ̀ kò sí nínú +34 Bouchard. Tíṣà, mo gbọ́ tiyín lórí ilé òfìfo yẹn, sà. Èmi ò tíì wá fi Forsling sílẹ̀ o.

Tíṣà Òkè-Fìà

Má fi í sílẹ̀, ọmọ mi. Forsling dára.

Aránṣọ wa, ẹ kà á, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sójú ewé tirẹ̀. Ẹni tó ń dúró ní ìlà búlúù láti pín pọ́ọ̀kì nígbà náà, iṣẹ́ ńlá ni, ó sì ń mú ikọ̀ borí. Bouchard wà lára àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe jù lọ. Ó ń na pọ́ọ̀kì tó le, ó sì ń jẹ́ kó lọ sílẹ̀ kí àwọn tó wà lẹ́nu ilé lè yí i. Ṣùgbọ́n ìgbà náà kò sẹ́ni tó ń kọlù ú. Ẹni tí wọn ò kọlù, ẹ ò tíì mọ bó ṣe ń dáàbò bo ilé.

Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ fi ṣẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni òdìkejì: nígbà tí Oilers bá ku mẹ́rin, tí alátakò jẹ́ márùn-ún, ta ni kóòṣì ń rán jáde lákọ̀ọ́kọ́? Ta ló ń fi ara gba pọ́ọ̀kì? Ta ló ń gbé ọ̀pá sí ojú ọ̀nà tí páàsì fẹ́ gbà kọjá lẹ́nu ilé? Ojú kì í rí iṣẹ́ yìí lórí tábìlì pọ́ìntì.

Ọ̀kan tún wà tí mo máa ń wò ju gbogbo rẹ̀ lọ, mi ò sì rántí rẹ̀ sọ lánàá. Kóòṣì ń rí àwọn ọmọ yìí lójoojúmọ́, ó mọ ẹni tí ara rẹ̀ ń ro ó, ó mọ ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Bí Oilers bá fi gólù kan ṣoṣo ṣáájú, tó ku ìṣẹ́jú méjì, tí alátakò ti yọ aṣọ́lé wọn láti fi ẹni kẹfà kọlu, ẹ fi aṣọ sílẹ̀ díẹ̀ kẹ́ ẹ wo díféńdà méjì tó máa fò kọjá ògiri bẹ́ǹṣì. Bí Nurse bá wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, ẹ ti rí ohun tí ẹ máa sọ fún ẹ̀gbọ́n yín. Bí kò bá sì sí níbẹ̀, ẹ sọ ìyẹn náà fún un. Ẹ kọ orúkọ àwọn méjèèjì síbí fún wa lẹ́yìn eré.